Tòmáàtì Abẹ́ Agbòòrùn Pupa: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Owó Kékeré Ṣe Ẹ̀rọ Tó Ń Mọ Àwọ̀

 

Tí ẹ bá dé ọjà Ṣáṣá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ẹ ó rí tòmáàtì àti ata tó ti Òkè Ọya wá, apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á lọ tún tà gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ti pọ́n tán àti èyí tó ṣì lè lo ọjọ́ mélòó kan. Tó bá ṣì í mú, owó rẹ̀ ló ń jẹrà yẹn.

Ṣùgbọ́n ojú máa ń tanni jẹ. Tòmáàtì tó wà lábẹ́ agbòòrùn pupa máa ń pupa ju bó ṣe rí lọ. Kámẹ́rà fóònù náà kò ṣe é gbára lé, torí ó máa ń tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbé ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ dání.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ohun tó pupa máa ń dá ìmọ́lẹ̀ pupa padà, ó sì máa ń gbé púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé mì. Tí a bá wà nínú òkùnkùn, tí a tan iná pupa, ti ewé àti ti búlúù sí nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a sì wọn èyí tó padà, a ti mọ àwọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí ẹ nílò

Bọ́ọ̀dù Arduino Uno kan. Ìlú Ivrea ní Ítálì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Arduino ní 2005, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ohun tí kò wọ́n lò. Iná LED kan tó ní àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú. LDR kan, ìyẹn ohun kékeré tó ń mọ ìmọ́lẹ̀. Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ iná tó ń tan fúnra rẹ̀ tílẹ̀ bá ṣú. Resistor 220 ohm mẹ́ta, 10,000 ohm kan, wáyà àti páálí dúdú.

Bí ẹ ṣe máa so ó

Ẹsẹ̀ LED tó gùn jù, ẹ so ó mọ́ GND. Ẹ so mẹ́ta yòókù mọ́ 9, 10 àti 11, kí resistor 220 ohm wà lójú ọ̀nà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ LDR kan lọ sí 5V, èkejì lọ sí A0. Láti A0, ẹ gba inú resistor 10,000 ohm lọ sí GND. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe pọ̀ sí ni nọ́ńbà A0 á máa ga sí, láàárín 0 sí 1023.

Ẹ fi páálí dúdú bo méjèèjì, kí ẹ sì fi páálí là wọ́n láàárín, kí iná má bàa tàn sójú LDR tààrà. LDR kì í yára: tí iná bá tàn tán, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó ka nọ́ńbà.

Funfun, dúdú, pupa

Àwọ̀ mẹ́ta yìí làwọn àgbà wa fi ń pe gbogbo àwọ̀. Ẹ̀rọ yìí náà, funfun àti dúdú ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀, torí LDR kì í rí àwọ̀ gbogbo bákan náà. Ẹ gbé e lé bébà funfun, lẹ́yìn náà aṣọ dúdú, kí ẹ kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀.

Ká ní lábẹ́ iná pupa, dúdú jẹ́ 200, funfun 800, tòmáàtì 650. Ẹ yọ 200 kúrò nínú 650, ó ku 450. Ẹ fi 600 pín in: 0.75. Ká ní ti iná ewé já sí 0.20. Pupa ti fi ewé sílẹ̀ jìnnà. Tòmáàtì yẹn ti pọ́n. Tí ti ewé bá ga ju ti pupa lọ, ó ṣì kù díẹ̀.

Ibi tó mọ

Èèpo nìkan ló ń rí. Kò mọ̀ bóyá inú ti rà. Ẹ má sì fi dán epo pupa wò pé bóyá wọ́n fi àwọ̀ Sudan tí NAFDAC ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ sí i. Ilé àyẹ̀wò ló lè sọ ìyẹn, torí ayédèrú náà pupa bí ojúlówó.

Ẹ ṣe é, kí ẹ gbé e dé ọjà. Ó dìgbà kan ná.