Ìpadàbọ̀ Kristi: Ohun tó Fa Àríyànjiyàn láàárín Àwọn Kristẹni àti Ibi tí Ìjọ Àgùdà Dúró Sí

Àwọn Kristẹni kò jiyàn pé Jésù Kristi yóò padà wá. Láti ìgbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti péjọ sí Constantinople ní ọdún 381 ni ìpadàbọ̀ rẹ̀ nínú ògo láti dá alààyè àti òkú lẹ́jọ́ ti wà nínú Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ tí Àgùdà, Áńgílíkà àti ọ̀pọ̀ ìjọ mìíràn ń kà títí di òní. Ohun tó dá awuyewuye sílẹ̀ ni bí ìpadàbọ̀ náà yóò ṣe lọ: bóyá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Kristi yóò wá tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, bóyá yóò kọ́kọ́ jọba lórí ilẹ̀ ayé fún ẹgbẹ̀rún ọdún kí ìdájọ́ ìkẹyìn tó dé, àti bóyá àwọn onígbàgbọ́ yóò la ìpọ́njú ńlá kọjá tàbí Kristi yóò ti mú wọn lọ kí ìpọ́njú náà tó bẹ̀rẹ̀.

Orí kan péré nínú Bíbélì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún náà, ìyẹn orí ogún nínú Ìwé Ìfihàn, níbi tí Jòhánù ti rí áńgẹ́lì kan tó de Sátánì fún ẹgbẹ̀rún ọdún, tó sì rí àwọn tí wọ́n pa nítorí ẹ̀rí Jésù tí wọ́n jíǹde, tí wọ́n sì ń bá Kristi jọba. Ní ọ̀rúndún kejì, àwọn olùkọ́ ńlá bíi Justin Ajẹ́rìíkú àti Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Lyon, gbà pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni yóò rí. Augustine Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, ti fìgbà kan rí gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yí èrò rẹ̀ padà, ó sì ṣàlàyé nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí Ìlú Ọlọ́run pé gbogbo àkókò Ìjọ, láti ìgbà tí Kristi ti kọ́kọ́ wá títí di òpin ayé, ni ẹgbẹ̀rún ọdún náà dúró fún, pé àjíǹde kìn-ín-ní ni ti ọkàn tó bọ́ lọ́wọ́ ikú ẹ̀ṣẹ̀, àti pé dídè tí wọ́n de Sátánì ni pé kò lè dí ìhìnrere lọ́nà mọ́. Àlàyé yìí ni Ìjọ Àgùdà dì mú. Luther àti Calvin, àwọn aṣáájú Pùròtẹ́sítáǹtì, tí wọ́n pe ipò Póòpù ní Aṣòdì sí Kristi, àwọn náà kò gba ẹ̀kọ́ ìjọba ẹgbẹ̀rún ọdún lórí ilẹ̀ ayé.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ọ̀rọ̀ náà tún gbóná. William Miller, àgbẹ̀ tó di oníwàásù Onítẹ̀bọmi ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, mú 2,300 ọjọ́ tó wà nínú Dáníẹ́lì orí kẹjọ, ó ka ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí ọdún kan, ó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ọdún 457 ṣáájú ìbí Kristi, ó sì bá a dé nǹkan bí ọdún 1843. Nígbà tí àkókò náà kọjá tí wọn kò rí Olúwa, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n sì mú ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1844. Àwọn àgbẹ̀ kan nínú wọn fi irè oko sílẹ̀ láìkórè, nítorí wọ́n gbà pé àwọn kò ní sí láyé tí àwọn yóò fi jẹ ẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bí ó ti máa ń mọ́, ìbànújẹ́ wọn sì pọ̀ débi pé Ìjákulẹ̀ Ńlá ni àwọn òpìtàn ń pe ọjọ́ náà. Láti inú àwọn tí kò tú ká ni Ìjọ Adventist Ọjọ́ Keje ti jáde ní 1863.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé àlùfáà Àgùdà kan wà lára àwọn tó tún iná ẹ̀kọ́ ẹgbẹ̀rún ọdún dá. Manuel Lacunza, ọmọ ilẹ̀ Chile tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Jésúìtì, kọ ìwé lórí wíwá Mèsáyà nínú ògo nígbà tó wà ní ìgbèkùn ní Ítálì. Róòmù ka ìwé náà léèwọ̀ ní 1824, ṣùgbọ́n Edward Irving, oníwàásù ọmọ Scotland tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1827. Kò pẹ́ sígbà náà ni John Nelson Darby, tó ti fi iṣẹ́ àlùfáà Áńgílíkà sílẹ̀ ní Ireland, gbé ẹ̀kọ́ ìgbàsókè kalẹ̀, ìyẹn pé Kristi yóò kọ́kọ́ wá gba Ìjọ rẹ̀ lọ sókè kí ìpọ́njú tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá ní gbangba láti jọba. Bíbélì Scofield, tó jáde ní 1909, fi ẹ̀kọ́ yìí sínú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé, ó sì tàn kálẹ̀ láàárín àwọn ìjọ ajíhìnrere àti Pẹ́ńtíkọ́sì, tó fi jẹ́ pé ó ti di ohun tí etí mọ̀ dáadáa nínú ìwàásù ìsọjí nílẹ̀ Yorùbá.

Ẹsẹ tí àwọn tó gba ẹ̀kọ́ ìgbàsókè gbára lé jù wà nínú Tẹsalóníkà kìn-ín-ní orí kẹrin, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé àwọn alààyè yóò gòkè lọ pàdé Olúwa nínú àwọsánmọ̀. Àwọn olùkọ́ Àgùdà, àti ọ̀pọ̀ Pùròtẹ́sítáǹtì pẹ̀lú wọn, fèsì pé ibẹ̀ kan náà ni Pọ́ọ̀lù ti sọ̀rọ̀ igbe àṣẹ, ohùn olórí áńgẹ́lì àti kàkàkí Ọlọ́run, nítorí náà kò sí ohun ìkọ̀kọ̀ nínú rẹ̀, àti pé bí ará ìlú ṣe máa ń jáde lọ pàdé ọba lójú ọ̀nà kí wọ́n lè bá a wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ìpàdé náà yóò rí.

Ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà kò lọ́jú pọ̀. Ní 1944, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní Róòmù kéde pé kò sí ààbò nínú kíkọ́ni pé Kristi yóò wá jọba lójú ayé kí ìdájọ́ ìkẹyìn tó dé. Katikísìmù tó jáde ní 1992 ṣàlàyé pé Ìjọ kò ní sá fún ìpọ́njú, pé yóò la ìdánwò ìkẹyìn kan kọjá èyí tí yóò mi ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti pé agbára Ọlọ́run ni yóò mú ìjọba náà wá, kì í ṣe pé Ìjọ yóò máa ṣẹ́gun díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gba ayé. Bí Kristi bá ti wá lẹ́ẹ̀kan náà, òkú yóò jíǹde, ìdájọ́ gbogbogbò yóò sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ti ní ìdájọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kú, nítorí Póòpù Benedict Kejìlá ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1336 pé ọkàn àwọn tó mọ́ ń rí Ọlọ́run lójú ẹsẹ̀, tí àwọn tó ṣì nílò ìwẹ̀nùmọ́ sì ń rí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ́. Níbí ni ọ̀nà ti pínyà gidi pẹ̀lú Adventist, tó gbà pé òkú ń sùn títí di àjíǹde, àti pẹ̀lú ọ̀pọ̀ Pùròtẹ́sítáǹtì, tí kò gba ìwẹ̀nùmọ́ lẹ́yìn ikú.

Lábẹ́ gbogbo èyí ni ìbéèrè kan wà tó jinlẹ̀ ju iye ọdún lọ: ta ló ní àṣẹ láti sọ ìtumọ̀ Ìwé Mímọ́? Àgùdà gbà pé Ìwé Mímọ́, àṣà tí àwọn àpọ́sítélì fi lélẹ̀ àti ohùn àwọn bíṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú Póòpù kò ṣeé yà nípa, nígbà tí Pùròtẹ́sítáǹtì gbà pé Ìwé Mímọ́ ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò rò pé aláìgbàgbọ́ ni ẹni tí kò gba ìgbàsókè, tàbí pé ẹni tó gbà á kò ka Bíbélì. Irọ́ ni méjèèjì. Ní gbogbo Mísà ni àwọn Àgùdà ń kéde pé Olúwa ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin Ádífẹ́ńtì ṣáájú Kérésìmesì lọ́dọọdún sì ń kọ́ wọn láti máa retí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ń wàásù ìgbàsókè ń retí Olúwa kan náà. Jésù fúnra rẹ̀ sọ nínú Máàkù orí kẹtàlá pé Baba nìkan ló mọ ọjọ́ náà, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá ń dá ọjọ́ fún ìjọ ti kọjá àyè rẹ̀, ìjọ yòówù kó jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí ó tọ́ kí àwọn onígbàgbọ́ béèrè lọ́wọ́ ara wọn ni bí wọ́n ṣe ń hùwà sí aláìní, sí aládùúgbò àti sí ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn, nítorí pé lórí bí wọ́n ṣe hùwà sí aláìní ni Mátíù orí kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sọ pé Ọba náà yóò ti dá ẹjọ́ rẹ̀.