Eruku ìdí iṣẹ́: ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà àti tôlier, ọ̀rọ̀ yín rèé

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹ̀yin tí ẹ ń fi papier-verre ha contreplaqué, àti ẹ̀yin tôlier tí ẹ ń ha mastic lára ọkọ̀.

Kí ló wà nínú eruku yìí? Contreplaqué kì í ṣe igi nìkan: pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí wọ́n fi àtè lẹ̀ pọ̀. Mastic náà, oje tó ń dì bí ike ni, tí wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fun òkúta. Bí ẹ bá ha wọ́n, gbogbo rẹ̀ á di lẹ́búlẹ́bú. Èyí tó tóbi á dúró sí imú, ẹ ó fun un jáde. Èyí tó kéré débi pé irun orí kan nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po 7, ìyẹn ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Igi lásán pàápàá kò ṣe é fojú di. Eruku ìrókò a máa mú ara yún, a sì máa fa ikọ́ fée. Láti ọdún 1995 ni àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ inú imú.

Àwọn kan ń sọ pé, "Èmi á mu wàrà, á fọ̀ ọ́ lọ." Rárá o! Ikùn ni wàrà ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró ni eruku ń lọ. Ọ̀nà wọn kò pàdé. Aṣọ tí ẹ fi di imú náà, eruku kíkúnná ń gbà á kọjá.

Kí la ó wá ṣe?

Ẹ ṣiṣẹ́ níta, níbi tí afẹ́fẹ́ á ti gbé eruku kúrò lọ́dọ̀ yín, kó má sì gbé e lọ bá olóúnjẹ.

Ẹ lo ìbomú tí wọ́n kọ FFP2 sí lára, kó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa.

Bó bá jẹ́ ọ̀dà lẹ̀ ń ha, ẹ lo papier à l'eau pẹ̀lú omi. Mastic ní tirẹ̀ ń mu omi, irin abẹ́ rẹ̀ á dípẹtà. Ìbomú ni tirẹ̀.

Ẹ má fi compresseur fẹ́ eruku. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀.

Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ sí ibi iṣẹ́, ẹ má wọ̀ ọ́ lọ gbé ọmọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ tó ń ha nǹkan láti àárọ̀, ọmọ ọlọ́mọ ni. Nígbà tí ẹ bá ń dá owó iṣẹ́ lé oníbàárà, ẹ ka ìbomú mọ́ papier-verre àti mastic. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bá ti ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, kó lọ sí ilé ìwòsàn, kó sì sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe fún dókítà.

Ẹ jíròrò nínú ẹgbẹ́ yín: ní ìdí iṣẹ́ tó wà ládùúgbò yín, ta ló ń fa eruku jù? Kí ni ẹ lè yí padà lọ́sẹ̀ yìí? Ó dìgbà kan ná.