Bí Four-Wheel Jíìpù Bá Kọ Iṣẹ́

Ojú irin ni ó gbé púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá sí Minna láti bí ọdún 1912, ṣùgbọ́n jíìpù tókúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ wọn fi ń relé lónìí. Ẹni tí ó ń gbé Soje mọ ohun tí òjò máa ń sọ ọ̀nà àdúgbò dà. Ẹni tí ó sì ti gba Bida, Mokwa àti Jẹ́bà lọ sílé kò ní bi mí léèrè ìdí rẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún tí ó kọjá, ìròyìn kàn wá láti Ọ̀fà pé bàbá ìyàwó mi ti jáde láyé, àti pé ọjọ́ Sátidé ni a ó sin wọ́n. Ní alẹ́ Wẹ́sìdeè, bí mo ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, jíìpù mi rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn ilé wa. Mo fà á sí four-wheel. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, táyà ẹ̀yìn ń yí, ti iwájú dúró gbọin-gbọin. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò ni ó tì mí jáde.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mẹkáníìkì wo abẹ́ ọkọ̀ fìrí, ó ní, "Bọ̀dá, transfer yín ti lọ. Ẹ lọ mú owó wá ká pààrọ̀ rẹ̀." Iye tí ó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ owó màlúù tí mo ti tọ́jú fún ìsìnkú náà gẹ́lẹ́. Ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wò mí. Bí mo bá san án, ọwọ́ òfo ni n ó gbé dé iwájú àwọn àna mi. Bí n kò bá san án, ta ni ó mọ̀ bóyá a ó dé ọ̀hún rárá?

Akọ̀wé ni mí ní rélùwéè, n kì í ṣe ẹlẹ́rọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé bí rọ́bà bíréèkì tí ó so wágúnù kan mọ́ èkejì bá là, gbogbo ọkọ̀ ojú irin yóò dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì. Mo ní, "Ọ̀gá mi, ẹ má bínú. Kí a tó tú irin, ẹ jẹ́ kí a wo rọ́bà."

Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó gbà. Ó gbé ọkọ̀ sórí irin dáadáa títí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi kúrò nílẹ̀, ó sì fi í sí four-wheel. (Ẹ má dán èyí wò nílé o.) Propeller iwájú ń yí, ṣùgbọ́n táyà iwájú kò yí. Ó mi orí. Transfer ni ó ń yí propeller náà, nítorí náà òun kọ́ ni ó jẹ̀bi. Nídìí táyà iwájú ni ẹjọ́ wà. Nínú irú jíìpù tèmi, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń so táyà iwájú mọ́ agbára. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ tọ rọ́bà náà, ó sì bá ibi tí ó ti gbó tí ó là. Owó tí a fi ra òmíràn kò tó owó oúnjẹ ọjọ́ méjì.

Ẹ jẹ́ kí n to ohun tí mo kọ́ lẹ́sẹẹsẹ.

Èkíní, ẹ ka ìwé ọkọ̀ yín. Ní ọ̀pọ̀ jíìpù, ẹ gbọ́dọ̀ dúró kí ẹ sì fi gíà sí N kí 4L tó lè wọlé. Bí iná bá ń ṣẹ́jú, ẹ rọra lọ síwájú díẹ̀, kí ẹ sì padà sẹ́yìn. Ó lè wọlé.

Èkejì, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n má sì gbó ju ara wọn lọ púpọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo fíúùsì, bọ́tìnì, rọ́bà, àti orí waya tí omi ẹrẹ̀ máa ń wọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo ọ́ìlì transfer àti ti ìdí táyà iwájú àti ẹ̀yìn. Wọn kò bá ẹ́ńjìnnì pín ọ́ìlì kan. Bí ó bá funfun bí wàrà, omi ti wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá rí èérún irin nínú ti transfer, a jẹ́ pé ó tó àkókò láti tú u.

Ẹ̀karùn-ún, àfi bí ìwé ọkọ̀ yín bá gbà á, ẹ má fi four-wheel rìn lórí ọ̀dà gbígbẹ. Bí ọkọ̀ bá ń yà, táyà iwájú ń rìn jìnnà ju ti ẹ̀yìn lọ. Lórí ẹrẹ̀, táyà a máa yọ̀, ara a sì tu irin. Lórí ọ̀dà, kò sí ibi tí yóò yọ̀ sí. Irin ni yóò máa bá irin jà títí ọ̀kan yóò fi ṣẹ́.

Ẹ rántí omíyalé tí ó ba Mokwa jẹ́ ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Four-wheel kì í sọ jíìpù di ọkọ̀ ojú omi. Bí omi bá ń ṣàn lójú ọ̀nà, ẹ dúró.

A dé Ọ̀fà ní alẹ́ Jímọ̀, màlúù sì dé pẹ̀lú wa. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wa lójú ọ̀nà.