Ìṣẹ́jú-àáyá Ogójì Nínú Wákàtí Kan

Fáìlì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ chb01_03.edf. Iná mànàmáná tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ọmọbìnrin ọmọ ọdún 11 kan ni wọ́n kọ sínú rẹ̀ fún odidi wákàtí kan, ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé nílùú Boston, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí àkọsílẹ̀ náà pé ìṣẹ́jú 49 àti ìṣẹ́jú-àáyá 56, wárápá gbé ọmọ náà. Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ló fi gbé e.

Fáìlì 664 irú rẹ̀ ló wà nínú àkójọ tó ti wá. Àwọn dókítà dá oògùn wárápá dúró fún àwọn ọmọdé àtàwọn ọ̀dọ́ tọ́rọ̀ kàn, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn tọ̀sán-tòru kí wọ́n lè mọ ẹni tí iṣẹ́ abẹ lè ràn lọ́wọ́. Àkọsílẹ̀ wọn ni Ali Shoeb ti ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT lò láti kọ́ kọ̀ǹpútà bó ṣe lè dá wárápá mọ̀ gbàrà tó bá ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2010 ni ìkànnì PhysioNet gbé àkójọ náà síta fún gbogbo ayé.

Àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n lẹ̀ mọ́ awọ orí ló ń gbọ́ iná ọpọlọ, iná tó kéré débi pé ìdá kan nínú mílíọ̀nù fólítì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìlà 23 ló wà nínú fáìlì yìí, ẹ̀rọ sì ń wọn ìlà kọ̀ọ̀kan nígbà 256 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Báìtì méjì ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń gbà. Wákàtí kan ṣoṣo yóò ti lé ní mílíọ̀nù 42 báìtì.

EDF tó wà nídìí orúkọ fáìlì náà ni ọ̀nà ìkọ̀wé tí àwọn ará Yúróòpù gbé jáde lọ́dún 1992, torí pé oníkálukú ilé iṣẹ́ ló ń kọ tirẹ̀ lọ́nà tí ẹ̀rọ ẹlòmíì kò lè kà. Báìtì 256 tó ṣáájú jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ojú lásán lè kà. Ẹ ṣí ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ:

head -c 256 chb01_03.edf

Ẹ dúró síbẹ̀ ná. Àyè lẹ́tà 80 wà níbẹ̀ fún orúkọ aláìsàn àti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Nínú àkójọ Boston, wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n sì ti fi ọjọ́ mìíràn rọ́pò ọjọ́ tí wọ́n gba àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yí orúkọ tó wà lára fáìlì padà nìkan, tó wá fi ránṣẹ́, orúkọ aláìsàn ṣì wà nínú rẹ̀ digbí. Lójú tèmi, kò sí àṣẹ tó ṣe pàtàkì ju head yẹn lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà, àwa tá a mọ ojú tí àwọn èèyàn fi ń wo oníwárápá láwùjọ sì mọ ìdí rẹ̀.

Àwọn nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e kì í ṣe fólítì. Ìwọ̀n tí a ó fi yí wọn padà wà nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó tẹ̀ lé báìtì 256 yẹn, ètò tó ń jẹ́ rdsamp sì ń lò ó fúnra rẹ̀:

rdsamp -r chb01_03.edf -f 49:56 -t 50:36 -p

Ó túmọ̀ sí: mú fáìlì yìí, bẹ̀rẹ̀ níbí, dúró níbẹ̀, kí o sì fún mi ní ìwọ̀n gidi. Ẹsẹ̀ nọ́ńbà 10,240 ló máa tò jáde. Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ọmọ yẹn nìyẹn.

Kí ló dé tí a kò kàn fi máúsì tẹ̀ ẹ́? Máúsì kì í fi ipa ẹsẹ̀ sílẹ̀. Àṣẹ tí a tẹ̀ ṣeé tọ́jú, ó ṣeé fi ránṣẹ́ sí akẹgbẹ́ ẹni, ó sì ṣeé lò fún fáìlì 664 láìsí pé ọwọ́ ń ro èèyàn. Àmọ́ a gbọ́dọ̀ kà á ká tó lò ó. Iná ìjọba ní Amẹ́ríkà ń mì nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ariwo rẹ̀ a sì máa wọnú àkọsílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sẹ́ 60 kúrò. Ti Nàìjíríà, 50 ni. Ẹni tó bá da àṣẹ wọn kọ láìyí nọ́ńbà yẹn padà ti sẹ́ ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì fi ariwo ilé rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kò sí àṣẹ tó lè rí i. Chb01, àmì aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáìlì wa, àti chb21 dà bí èèyàn méjì, ọ̀tọ̀ ni àpò tí wọ́n kó fáìlì kálukú sí. Ọmọbìnrin kan náà ni. Ọdún kan ààbọ̀ ló wà láàárín àkọsílẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá fi chb01 kọ́ kọ̀ǹpútà, tó wá fi chb21 dán an wò, á rò pé ó ti dá wárápá àjèjì mọ̀. Inú ìwé àlàyé tó bá àkójọ náà wá ni wọ́n kọ ọ́ sí.