Ọjọ́ Tí Aláìsàn Yóò Padà sí Ilé

Àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ya àgbàdo nítorí pé irùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti yọ. Ọmọ inú èèpo ni ó ń wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀ràn egbò Buruli, èyí tí a fi orúkọ agbègbè kan ní ilẹ̀ Uganda pè. Àrùn yìí a máa mú àwọn ará Yewa tí ń gbé lẹ́bàá odò àti àbàtà, pàápàá àwọn ọmọdé. Kókó kékeré tí kì í dunni ni í fi bẹ̀rẹ̀, kí awọ ara tó jẹ kúrò. Àwọn aláìsàn láti Ìpínlẹ̀ Ògùn ti kọjá ààlà lọ sí ilé ìwòsàn egbò yìí ní Pobè, ní ilẹ̀ Benin.

Ní ìgbà àtijọ́, abẹ ni olórí ìtọ́jú rẹ̀, ọ̀pọ̀ oṣù ni aláìsàn sì ń lò lórí ibùsùn. Ní ọdún 2004 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí lílo oògùn rifampicin àti abẹ́rẹ́ streptomycin ní ojoojúmọ́ fún ọjọ́ 56. Nísinsìnyí, oògùn clarithromycin tí a ń gbé mì ti gba ipò abẹ́rẹ́ náà. Nítorí náà, aláìsàn lè tètè padà sí ilé, bí olùtọ́jú bá wà nítòsí.

Ṣùgbọ́n òpin oògùn kì í ṣe òpin àrùn. Egbò ńlá lè gba oṣù púpọ̀ kí ó tó jiná. Òmíràn a sì tún wú lẹ́yìn oògùn, láìjẹ́ pé oògùn náà kùnà. Bí ìyá bá mú ọmọ lọ nítorí iṣẹ́ oko, tí egbò ìgbọ̀nwọ́ ọmọ náà sì jiná ní kíká, apá náà lè má nà mọ́. Ojú àpá kì í jọ ojú ara: kì í fà bí awọ. Báwo ni ọmọ náà yóò ṣe di ọkọ́ mú?

Síbẹ̀, pípẹ́ jù ní ilé ìwòsàn ní ìpalára tirẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ń kọjá lọ, igbó ń bo oko, àwọn ọmọ tí ó kù nílé kò sì rí ìyá wọn.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni ó tọ́ kí a yẹ̀ wò. Ǹjẹ́ a ti lo oògùn pé, tàbí ẹni tí yóò máa fún un wà nítòsí ilé? Ǹjẹ́ egbò mọ́, ó sì ń súnkì? Ǹjẹ́ oríkèé ń nà, ó sì ń ká? Ta ni yóò máa wẹ egbò, tí yóò sì máa dì í? Ọmọ tí ń gbé ní àárín ìlú Ìlaró tàbí Ayétòrò lè lọ ṣáájú ẹni tí egbò rẹ̀ kéré ju tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí abúlé rẹ̀ jìnnà sí olùtọ́jú.

Kí àwọn aládùúgbò má ṣe sá fún ẹni tí ó padà dé, nítorí àrùn yìí kì í sábà ran láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Kí ìdílé má sì ṣe kúrò ní ilé ìwòsàn láìbéèrè ọjọ́ tí wọn yóò padà wá fún àyẹ̀wò. Kí wọ́n kọ ọ́ sí ara kàlẹ́ńdà, kí wọ́n sì pa á mọ́ bí ọjọ́ ìgbìn.