Ìṣírò Orí Ìwé Kì í Ṣe Owó Ọwọ́

Ẹjọ́ gáàsì kan ni mo fẹ́ sọ fún yín lóṣù yìí, torí pé ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń ṣòwò.

Ní oṣù kìíní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ P&ID bá ìjọba àpapọ̀ tọwọ́ bọ̀wé. Ìjọba yóò máa fún wọn ní gáàsì lọ́fẹ̀ẹ́ fún 20 ọdún. Àwọn náà yóò kọ́ ilé-ẹ̀rọ sí Kàlàbá, wọn yóò yọ èyí tí wọ́n máa tà nínú gáàsì náà, wọn yóò sì dá ìyókù padà fún iná mànàmáná. Gáàsì kò dé, ilé-ẹ̀rọ kò dúró. Ni P&ID bá pe ìjọba lẹ́jọ́ níwájú onílàjà mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìṣírò owó ti wọlé. Irú ẹlẹ́rìí báyìí kì í sọ ohun tó fojú rí. Èrè tí òwò náà ìbá mú wá ló ń ṣírò. Ẹ fi wé ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́, tí àgbẹ̀ ṣèlérí ẹ̀gẹ́ fún un, tí ẹ̀gẹ́ kò wá. Kò tíì ra ẹ̀rọ o, ó ní kí àgbẹ̀ san èrè 20 ọdún! Ẹni tó máa ṣírò èyí ní láti kọ́kọ́ sọ iye tí gààrí yóò jẹ́ lọ́jà, iye epo ẹ̀rọ, àti ewu tó wà lọ́nà. Bí ọ̀kan bá yí padà, gbogbo owó á yí padà.

Ní ọdún 2017, méjì nínú àwọn onílàjà ní kí Nàìjíríà san nǹkan bíi 6.6 bílíọ̀nù dọ́là. Ẹnì kẹta, Olóyè Bayo Ojo, ní 250 mílíọ̀nù ló tọ́. Ẹjọ́ kan náà ni o! Èlé 7 nínú 100 lọ́dún sì ń gorí rẹ̀, ó ju mílíọ̀nù dọ́là kan lọ lójúmọ́, títí gbogbo rẹ̀ fi kọjá 11 bílíọ̀nù.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2023, Adájọ́ Robin Knowles ní Lọ́ńdọ̀nù rí i pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti irọ́ wà nínú ọ̀ràn P&ID, ó sì dá Nàìjíríà láre. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé Nàìjíríà kò rí ẹni gbèjà rẹ̀ bó ti yẹ níwájú àwọn onílàjà.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé èrè tàbí ti àdánù wá sípàdé wa, ì báà wọ kóòtù, ẹ jẹ́ ká bi í léèrè: Níbo lẹ ti mú iye yìí? Bí ọjà bá dínwó ńkọ́? Ta ló sanwó iṣẹ́ yín? Ká sì ní ẹni tiwa tí yóò yẹ ìwé náà wò kí a tó fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà ti wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ó di oṣù tó ń bọ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́