BÍ A ṢE LÈ ṢE ÌRÌN ÀJÒ JÍNJÌN NÍNÚ ERÉ ORÍ TÁBÌLÌ

Àwọn àgbà ní, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí nínú eré kan tí àwọn ènìyàn bíi márùn-ún máa ń jókòó yí tábìlì ká ṣe. Ẹnì kan ni atọ́kùn. Olúkúlùkù àwọn tí ó kù yóò gbé ìwà ẹlòmíràn wọ̀: jagunjagun, oníṣègùn tàbí ọdẹ. Atọ́kùn yóò sọ ohun tí ó wà níwájú wọn, wọn yóò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá mú iyè méjì dání, wọn a da dáìsì. Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974, ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí a tẹ̀ tà.

Ìrìn àjò ni ó máa ń dààmú atọ́kùn. Bí ìlú tí wọ́n ń lọ bá jẹ́ ìrìn ọjọ́ mẹ́wàá, kí ni kí ó ṣe? Bí ó bá ní, “Ẹ ti dé,” ayé inú eré náà yóò kéré bí àtẹ́lẹwọ́. Bí ó bá sì ń ka ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń da dáìsì bóyá ẹranko yóò yọ, ilẹ̀ yóò ṣú, oorun yóò máa kun wọn, wọn kò sì ní í tíì dé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn tí ó kọ òfin eré wọ̀nyí ṣe. Ìwé ti 1974 ní kí a wá pátákó eré mìíràn, Outdoor Survival tí ó jáde ní 1972, kí a fi ṣe àwòrán ilẹ̀. Ojú onígun mẹ́fà ni a pín in sí. Bí a ti ń ti ojú kan bọ́ sí òmíràn, a lè ṣìnà, a sì lè pàdé ewu. Nínú òfin ti 2014, ẹni tí ó bá rọra rìn yóò rin ibùsọ̀ 18 lójúmọ́, ẹni tí ó rìn déédéé yóò rin 24, ẹni tí ó yára yóò rin 30. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń yára kì í tètè rí ewu, ẹni tí ó rọra ni ó lè yọ́ kọjá lára ọ̀tá. Nínú The One Ring, tí ó jáde ní 2011, iṣẹ́ ni a pín: ẹnì kan ń fi ọ̀nà hàn, ẹnì kan ń ṣe alamí níwájú, ẹnì kan ń ṣọdẹ, ẹnì kan ń ṣọ́nà. Àárẹ̀ ọ̀nà a sì máa bá wọn délé ẹni tí wọ́n ń lọ bá.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), nígbà tí ọba rán Àkàrà-oògùn àti àwọn akọni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí Òkè Láńgbòdó, Fágúnwà kò ka ìṣísẹ̀ wọn fún wa. Ohun tí wọ́n bá pàdé ni ó sọ, olúkúlùkù sì ní ẹ̀bùn tirẹ̀: agbára Kàkó, ọgbọ́n Ìmọ̀dòye, ohùn Olóhùn-iyọ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mẹ́ta ni mo ní fún atọ́kùn. Èkíní, fi ọ̀nà méjì síwájú wọn: ọ̀kan kúrú ṣùgbọ́n ó léwu, òmíràn jìn, oúnjẹ sì lè tán kí wọ́n tó dé. Èkejì, níbi tí kò bá sí ohun tí wọn yóò yàn, fi gbólóhùn kan kọjá. Ẹ̀kẹta, ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà gbọdọ̀ fi àmì sílẹ̀: ọgbẹ́, ebi, ọ̀rẹ́ tuntun tàbí ìròyìn. Ìjà tí kò yí ohunkóhun padà, àkókò lásán ni ó jẹ.

Bí ìlú tí a ń lọ gbà sílẹ̀ bá wà nínú ewu, tí ọjọ́ méjì tí a fi yà fún igbó lè jẹ́ kí ọ̀tá ṣáájú wa débẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tòògbé nídìí tábìlì.